Ọjọ́ Tí Mo Fi Irúgbìn Ilá Yìnbọn

Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ má dúró sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n tì mọ́ta. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹ sún mọ́ra kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí. Ẹ kú àkọ́rọ̀ o. Nígbà tí òjò ti lé yín wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè jáde títí yóò fi dá, mo rí yín mú lónìí. Obì tí mo ní kò tó kárí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi tó gbogbo ìlú í jẹ, yóò sì ṣẹ́ kù fún ará oko.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Òkè-Ìsapá, ọdẹ tó jẹ́ pé bí ó bá wúkọ́ nínú ilé, ẹfọ̀n tó wà nígbó á ti máa dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí agbára ṣì wà lápá mi, bí mo bá ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, àwọn ìyàwó ilé á ti gbé ìkòkò kaná. Ẹ má wo Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn. Ẹ ó mọ ìdí ẹ̀rín rẹ̀ kí òjò yìí tó dá.

Ohun kan wà tí n kì í ṣe nígbà náà. N kì í bẹ̀rẹ̀ fún ọkọ́. Mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ọdẹ kì í tẹ ẹ̀yìn ba, àfi bó bá ń wo ipa ẹsẹ̀ ẹran. Ọgbà tó wà lẹ́yìnkùlé wa, Àwẹ̀ró nìkan ló ń dá a. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọ wà níbẹ̀, ewúro, ìgbá, ata, kí lẹ fẹ́ tí kò sí? Èmi á jókòó sórí àpótí, á máa júwe ẹran tí mo pa, òun á máa tu koríko, á sì máa dáhùn pé "ẹn-hẹn" níbi tó bá yẹ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni mo fi jẹ nínú ọgbà náà láìfọwọ́ kan èèkù ọkọ́.

Ọba ọgbà yẹn ni ilá kan. Ìyá Àwẹ̀ró ló fún un ní irúgbìn rẹ̀ ní ọjọ́ tó ń bọ̀ wá sílé mi. Ilá kúkúrú ni, ó sanra, ìdí rẹ̀ pọ́n, ó sì máa ń yọ̀ débi pé bí o bá bu òkèlè kan láàárọ̀, kí okùn rẹ̀ tó já, o ti kí aládùúgbò mẹ́ta. Lọ́dọọdún, Àwẹ̀ró máa ń fi èyí tó dára jù sílẹ̀ lórí igi kí ó gbó, kí ó gbẹ, kí ó là fúnra rẹ̀. Yóò kó hóró rẹ̀ sínú ahá kékeré kan pẹ̀lú eérú díẹ̀, yóò fi ṣùkù àgbàdo dí i lẹ́nu, yóò sì gbé e kọ́ sókè ààrò, níbi tí èéfín kò ti ní jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọmọ wa Tinúolá bímọ ní ìlú ọkọ rẹ̀, Àwẹ̀ró sì ní láti lọ bá a wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́. Ọyẹ́ ń parí lọ nígbà náà. Kí ó tó gbéra, ó pè mí sí ìdí ààrò.

"Bàbá Tinúolá," ó ní, "ṣé ẹ rí ahá yìí? Ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ti lọ, n kò ní àwòrán rẹ̀, ohùn rẹ̀ pàápàá ti ń sá fún mi létí. Ọjọ́ tí mo bá se ilá yìí nìkan ló máa ń dà bíi pé òun ló bu ọbẹ̀ fún mi. Bí òjò bá rọ̀ kí n tó dé, ẹ jẹ́ kí ó dúró dè mí."

Mo ní kí ó máa lọ ní tirẹ̀. Mo ní ahá tí ọdẹ bá ń ṣọ́, eku kan kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe tó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ló lè ṣe é. Ahá tí mo ń kó ọta ìbọn mi sí, òkè ààrò kan náà ni mo gbé e kọ́, kí ó má bàa dípẹtà. Ahá méjèèjì dọ́gba, èéfín sì ti kùn wọ́n dúdú bákan náà. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Àwẹ̀ró dé, mo ṣèlérí fún Ìyá Dáúdà, aládùúgbò wa tó jẹ́ pé ògiri kan ló là wá láàárín, pé n ó mú àparò wá fún un kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìyá Dáúdà ní, "Bàbá Tinúolá, ìlérí yín ti pọ̀ nílẹ̀ yìí ju àparò lọ."

Inú bí mi. Mo wọlé, mo fa ahá kan yọ láìwò ó, mo kọrí sígbó.

Létí Igbó Má-Bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi ti máa ń yí padà, mo bá àparò bí igba. Mo ki ìbọn, mo da gbogbo ohun tó wà nínú ahá sí i lẹ́nu, nítorí mo fẹ́ pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹnu Ìyá Dáúdà lè wọhò. Mo fà á. Ó dún gbòlà. Èéfín bo igbó. Nígbà tí èéfín lọ sílẹ̀, n kò rí òkú àparò kan ṣoṣo. Wọ́n tò lọ rẹrẹ, wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀, inú wọn ń dùn.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀kan náà ni gbogbo àparò ń ga, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ọ̀kan nínú wọn gun orí ebè, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fi í jọba. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ kú ìnáwó. Láti ìgbà tí a ti dáyé, ọta ni àwọn ọdẹ ń sọ lù wá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ro ti ikùn wa. Ṣé ẹ mú iyọ̀ dání?"

Mo wo inú ahá. Eérú díẹ̀ ló kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irúgbìn ìyá Àwẹ̀ró ni mo fi yìnbọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún àparò. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Ọdẹ́rìndé. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ bá mi pọ̀ ọ́ jáde."

Ó ní, "Ohun tó bá ti wọ inú wa ti wọlé ọkọ, kò ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ebè tí mo dúró lé yìí, ẹnì kan ló kọ ọ́. Ìyá Àgbàlá ni wọ́n ń pè é, kò sì sí irúgbìn tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ la igbó yìí já. Ẹ ó kan ìlú kan, ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o. Ẹ̀yìn ìlú náà ni ilé rẹ̀." Wọ́n dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì fò lọ pẹ̀lú ilá ìyàwó mi.

Mo wọ igbó náà. Kí ẹ tó lè ka ení, èjì, mo ti dé Ìlú Má-Bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní oríkèé ní ìbàdí. Gbogbo wọn nà gbọnrangandan bí ọmọ odó. Ilẹ̀ ìlú náà kún fún fìlà, òòyà, bàtà àti obì, nítorí ohunkóhun tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni níbẹ̀ ti di ti ilẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ wọn ni èso tó bá jábọ́ láti orí igi. Wọ́n dúró sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n la ẹnu, wọ́n ń dúró de àánú.

Baálẹ̀ wọn rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Káàbọ̀, ará wa," ó ní. "A ti gbọ́ ìròyìn rẹ. Wọ́n ní ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí o kò ti bẹ̀rẹ̀ fún ọkọ́. Àyè rẹ ti wà nílẹ̀ tipẹ́."

Wọ́n mú mi lọ sábẹ́ igi kan tí wọ́n ti gbẹ́ orúkọ mi sí lára. Ojú ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wà níbẹ̀, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ mi mu rẹ́gí. Bí mo ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹ ibẹ̀, mo gbọ́ tí ìbàdí mi dún kẹ́ù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti bá ẹkùn wo ojú ara wa rí, ẹ̀rù kò bà mí tó bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí a ń gbà jáde. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe ẹnubodè kan tí kò ga ju orókún lọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tí ì gba ibẹ̀ jáde rí, nítorí ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?

Èmi ni o. Mo sáré dé ibẹ̀, mo di ìbàdí mú lọ́wọ́ méjèèjì, mo sì fi tipátipá ṣẹ́ ẹ ba. Ó dún bí igi gbígbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò ì tí ì bẹ̀rẹ̀ rí láyé, mo fi àyà wọ́ jáde pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Àwẹ̀ró ní kí n sọ fún yín pé mo sunkún. Ó dáa, mo sunkún díẹ̀.

Ẹ̀yìn ìlú náà ni mo ti bá ilé Ìyá Àgbàlá. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rìn, mo ti rí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Àgbàlá kan ni, igun mẹ́rin ló ní, ìgbà mẹ́rin ọdún sì wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní igun kan, ọyẹ́ ń fẹ́, àwọn adìẹ ibẹ̀ sì ń fi òrí para. Ní igun kejì, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń bá ilẹ̀ jà. Ní ìkẹta, àkọ́rọ̀ ń kán tó, tó, òórùn ilẹ̀ tútù sì gba ibẹ̀ kan. Ní ìkẹrin, òjò ń rọ̀ láìdá, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì jókòó síbẹ̀ tó fi ewé kókò borí. Ìyá Àgbàlá fúnra rẹ̀ kúrú, ó dúdú. Ṣọkọ ti hù ní etí rẹ̀ òsì, ó sì ń já díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ sínú ìkòkò ọbẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo rojọ́. Ó ní, "Mo gbọ́ ìbọn rẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti rí tó fi irúgbìn ṣòfò, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo fi ariwo sí i."

Ó ní òun yóò fún mi ní hóró kan, ẹyọ kan péré, bí mo bá lè lo ìgbà kan ní igun kọ̀ọ̀kan tí ewébẹ̀ ibẹ̀ kò sì kú tán mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ìgbà kan lọ́dọ̀ òun, ọjọ́ méjì ni nílé wa. Mo ṣírò ọjọ́ tí Àwẹ̀ró yóò dé, ọkàn mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí ni n ó bá wọlé?

Mo bẹ̀rẹ̀ ní igun ọyẹ́. Mo rò ó pé ọ̀sán gangan ni òùngbẹ ń gbẹ ewébẹ̀ jù, mo bá gbé garawa omi, mo sì dà á lé ìgbá lórí nígbà tí oòrùn wà lókè. Àwọn ìgbá náà wò mí, wọ́n ní, "Ọdẹ, ṣé o fẹ́ sè wá ni?" Wọ́n sì dákú. Ìyá Àgbàlá ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni à ń bomi rin ewébẹ̀, ìdí rẹ̀ ni à ń da omi sí, kí n sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí ọyẹ́ má fa omi náà mu. Ní igun ẹ̀ẹ̀rùn, mo kó ìgbẹ́ adìẹ tútù, mo bù ú sídìí ata bí ẹni ń bu oúnjẹ fún àna rẹ̀. Kí n tó yíjú padà, ata ti jó. Ìyá ní iná ni ìgbẹ́ tútù, àfi kí a dà á pọ̀ mọ́ ewé àti èèpo iṣu lórí ààtàn, kí ó jẹrà ná. Ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí, ó ní, ó kàn fẹ́ àsìkò ni. Nígbà tí mo dé igun àkọ́rọ̀, òjò mẹ́ta kán sí mi níwájú orí, mo bá gbin gbogbo àgbàdo tó wà nílé. Oòrùn jáde, kò sì wọlé mọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ìyá mú ọwọ́ mi, ó fi ìka ìlábẹ̀ mi bọ ilẹ̀. "Bí ó bá tutù dé oríkèé kejì, gbìn," ó ní. "Bí kò bá tutù, jókòó."

Ṣùgbọ́n igun òjò ni ogun wà. Koríko ibẹ̀ ní ẹnu, èébú sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Èyí tí mo bá tu, tí mo sọ sẹ́yìn, á ta gbòǹgbò níbẹ̀, á sì bi mí pé, "Ọdẹ, o ti ń sinmi?" Ọ̀gá wọn ni gbégi kan tó dúró láàárín ebè. Mo dì í mú, mo fà á, ó fà mí. A jọ wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Níkẹyìn, inú bí mi, mo lọ gbé ìbọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ọta díẹ̀ nínú àpò, mo sì yìnbọn fún koríko. Hóró orí rẹ̀ fọ́n káàkiri, gbégi mẹ́tàdínlógún sì dìde níbi tí ẹyọ kan wà, gbogbo wọn kí mi pé mo kú iṣẹ́.

Ìyá Àgbàlá rẹ́rìn-ín títí ṣọkọ etí rẹ̀ fi já dànù. Ó ní, "Kí koríko tó so ni à ń tu ú, ọmọ mi. Gbọn iyẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, kí o dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ kọjú sókè. La ojú omi sáàárín ebè kí òjò lè rí ọ̀nà lọ. Bí kòkòrò bá dé, bu eérú lé ewé." Ó na ìka sí ìbàdí mi. "Kí o sì bẹ̀rẹ̀. Orí ìdúró ni o ti ń tu koríko láti àná."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn mi dùn mí, èékánná mi kún fún ẹrẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé láti ilẹ̀ ni gbogbo nǹkan ibẹ̀ ti dára í wò jù. Ní òwúrọ̀ kan, òdòdó ilá kan là níwájú mi, ó funfun, àárín rẹ̀ dúdú. Èmi ni mo gbìn ín. Mo jókòó tì í nínú òjò, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti yin ara mi. Mo wá rántí Àwẹ̀ró, tó ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú òdòdó yìí, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹran ni mo máa ń dà sí i létí bó ti ń wò ó.

Nígbà tí ìgbà mẹ́rin pé, Ìyá Àgbàlá fi hóró ilá kan sí mi lọ́wọ́. Ilá náà gan-an ni. Ó ní, "Fi sábẹ́ ahọ́n. O kò gbọdọ̀ la ẹnu títí wàá fi délé. Bí ó bá bọ́, ilẹ̀ igbó yìí kì í dá nǹkan padà. Mo tún ní àlọ́ kan fún ọ: kí ni ohun tí a há mọ́wọ́ tó tán, tí a fi tọrẹ tó kù?"

Kí n tó ki hóró bọ ẹnu, mo dáhùn pé òkìkí mi ni. Ó mi orí. Mo ní ẹ̀tù ìbọn ni. Ó ní kí n máa lọ, ìdáhùn wà nílé mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ bá mi kẹ́dùn. Mo la igbó já ní ẹnu dídì. Ọ̀bọ kan bi mí pé ṣé èmi ni mo yìnbọn fún koríko. N kò lè dáhùn. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan dúró lórí ẹ̀ka, ó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ló pa ẹfọ̀n tí mo pa lọ́dún ìyàn, ó sì ń fi ìrù júwe bó ṣe pa á. Omi bọ́ lójú mi, mo kọjá lọ. Nígbà tí mo rí òkè ìlú wa, nǹkan kan rìn mí lábẹ́ ahọ́n. Hóró náà ti ń hù.

Àwẹ̀ró ti dé. Òun àti Ìyá Dáúdà ló dúró lẹ́yìnkùlé. Ó rí mi, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá Tinúolá, níbo lẹ wà láti ọjọ́ yìí?"

N kò dáhùn.

"Kí ló ṣe yín? Ta ló lù yín?"

N kò dáhùn. Ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí. "Ìyá Dáúdà, ẹ gbà mí, kò sọ̀rọ̀ o."

Ìyá Dáúdà wò mí tìfura-tìfura. "Ọdẹ́rìndé kò sọ̀rọ̀? Á jẹ́ pé ó ti kú, ìdúró ló kú sí."

Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró, mo la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì fi hóró náà sí i. Ó ti yọ gbòǹgbò funfun kan bí ìrù ọmọ alángbá. Mo wá jẹ́wọ́. Mo sọ ti ahá, mo sọ ti àparò, n kò bù mọ́ ọn, n kò yọ níbẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Mo ní, "Mo fi ìyá rẹ yìnbọn, Àwẹ̀ró. Dárí jì mí."

Àwẹ̀ró wo Ìyá Dáúdà, Ìyá Dáúdà wò ó, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín, débi tí Àwẹ̀ró fi jókòó lé odó. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sínú ọgbà. Ilá ti hù lórí ebè mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n ti yọ ewé méjì méjì.

Ó ní, "Lọ́dọọdún ni mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ fún Ìyá Dáúdà, òun náà á bu tirẹ̀ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi kọ́ mi. Ó ní ẹni tó bá dá irúgbìn rẹ̀ nìkan pa mọ́, eku kan ṣoṣo ló máa sọ ọ́ di aláìní. Bí mo ti dé tí n kò bá ahá, mo kàn na ọwọ́ lórí ògiri ni."

Ìgbà náà ni àlọ́ Ìyá Àgbàlá tó yé mi: irúgbìn ni. Mo ti la igbó iwin já, mo ti bá koríko jà, lórí ohun tó wà lẹ́yìn ògiri ilé mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó sórí àpótí yẹn, n kò bèèrè rí pé báwo ni ilá ṣe máa ń padà wá lọ́dọọdún.

Àwẹ̀ró fi hóró náà lé mi lọ́wọ́, ó sì gbé ọkọ́ lé e. "Tèmi ti hù," ó ní. "Tiyín nìyí. Níbo lẹ fẹ́ kọ ebè rẹ̀ sí?"

Mo sọ ìbọn kalẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ìbàdí mi dún kẹ́ù. Ní oṣù kejì, èmi ni mo re ilá àkọ́kọ́ lórí igi náà, èmi ni mo rẹ́ ẹ, èmi ni mo sè é. Àwẹ̀ró bu òkèlè kan, ó fi sẹ́nu. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ẹ bu sí i fún mi." Gbogbo ẹran tí mo ti pa láyé mi kò tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ fetí sílẹ̀, òjò ti ń dá. Kí ẹnikẹ́ni má tíì jáde. Ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn ilá kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó gbà. Ẹ fi ìka bọ ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ sì fún aládùúgbò yín nínú rẹ̀, nítorí bí tiwa bá run lọ́la, ilé yín la ó wá. Ẹ na ọwọ́, kí n já ahá yìí sílẹ̀ láti òkè ààrò.

Àwẹ̀ró ní kí n wo inú rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Kí ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ wò?

Ó dáa. Ẹ dúró ná, ẹ dákun. Ọta ni.